Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Irú aṣáájú wo ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò ń tọ́?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, mo sì ní àwọn aláró tí wọ́n ń bá mi ṣiṣẹ́ ní Kẹ́mta. Ọmọ mi obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó fẹ́ lọ gba oyè MBA, ìyẹn oyè gíga nínú ìmọ̀ ìṣòwò. Gbogbo ìwé tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́ sí i ló ń sọ pé aṣáájú tí ń gba gbogbo ènìyàn mọ́ra, tí kò sì ní ba ayé jẹ́ mọ́ àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́, ni àwọn ń tọ́. Owó tí wọ́n ń béèrè kì í ṣe kékeré. Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó ń ṣe é ní tòótọ́? — Ìyá Aláàdìrẹ, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá wa, ẹ sì kú ìnáwó ọmọ. Ọ̀rọ̀ dídùn kò ṣòro láti kọ sínú ìwé ìpolówó. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ọmọ yín béèrè ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ń wò kí ó tó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì, kí ó sì béèrè àwọn tí ìtàn wọn wà nínú ohun tí wọ́n ń kà ní kíláàsì. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ irú ènìyàn tí ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ tọ́. Orúkọ iṣẹ́ (kọ́ọ̀sì) tuntun kan tí wọ́n fi kún àwọn tí ó wà tẹ́lẹ̀ kò tó ẹ̀rí.

Irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti pẹ́ láyé. Ọdún 1819 ni wọ́n dá èyí tí a ń pè ní ESCP lónìí sílẹ̀ ní Paris, Wharton bẹ̀rẹ̀ ní Philadelphia ní 1881, ti Harvard sì tẹ̀lé e ní 1908. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ilé-iṣẹ́ yóò ṣe gbòòrò tí èrè rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i ni wọ́n ń kọ́ ènìyàn níbẹ̀, irú ènìyàn kan náà ni wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń kọ́. Ọdún 1963 ni Harvard tó gba obìnrin wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò MBA ọlọ́dún méjì rẹ̀, àwọn mẹ́jọ péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ wọlé.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Harvard yìí, nítorí pé ọ̀nà ìkọ́ni tirẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò ń tẹ̀lé kárí ayé. Olùkọ́ ibẹ̀ kì í dúró síwájú máa ka ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́. Wọn a fún wọn ní ìtàn ilé-iṣẹ́ kan tí ó bá ìṣòro pàdé ní tòótọ́, wọn a sì ní kí olúkúlùkù fi ara rẹ̀ sí ipò ọ̀gá ibẹ̀, kí ó sọ ohun tí òun ìbá ṣe, kí àwọn yòókù sì bá a jiyàn. Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ ní kíláàsì lè gba ìdajì máàkì iṣẹ́ náà. Nítorí èyí, ẹni tí olùkọ́ kì í pè, tàbí ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà pé kò gbọ́dọ̀ já lu ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, yóò pàdánù máàkì bí ó tilẹ̀ mọ ìwé dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún àwọn obìnrin ibẹ̀ nígbà kan: máàkì tí wọ́n fi wọlé kò kéré sí ti ọkùnrin, síbẹ̀ wọn a rẹ̀yìn lẹ́yìn tí wọ́n bá wọlé tán. Lẹ́yìn tí Nitin Nohria di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ní 2010, wọ́n fi akọ̀wé sínú kíláàsì láti máa kọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bá sọ sílẹ̀, kí olùkọ́ má baà máa fi ohun tí ó rò pé òun rántí fún ènìyàn ní máàkì, wọ́n sì ṣètò tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan fi lè rí iye ìgbà tí òun pe ọkùnrin àti iye ìgbà tí òun pe obìnrin. Àlàfo tí ó wà láàárín máàkì àwọn méjèèjì dínkù. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìwàásù kankan nínú ohun tí wọ́n ṣe yìí. Bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n tún ṣe.

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2014, Nohria dìde ní gbangba, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ fún ọwọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ fi mú àwọn kan nínú wọn. Ó ṣèlérí pé àwọn ìtàn tí obìnrin jẹ́ aṣáájú inú wọn, tí wọn kò ju nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nígbà náà, yóò di ìdá 20 ó kéré tán láàárín ọdún márùn-ún. Ìlérí yẹn wù mí, nítorí pé ó ṣeé kà, ẹnikẹ́ni sì lè padà wá béèrè ibi tí ó dé.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ọmọ yín gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá wù ú ní Èkó tàbí níbòmíràn. Ìtàn mélòó nínú èyí tí wọ́n ń kà ló jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ wa? Mélòó ni obìnrin ń darí? Ṣé ẹni tí ń ta ọjà ní Ìtòkú tàbí ní Balógun wà níbẹ̀, àbí ọ̀gá báǹkì àti ọ̀gá ilé-iṣẹ́ epo nìkan? Lagos Business School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991, tí ó sì wà lábẹ́ Pan-Atlantic University báyìí, ń fi ìtàn ilé-iṣẹ́ kọ́ni bákan náà, ó sì ní ẹ̀ka kan tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ọ̀rọ̀ àyíká àti ọjọ́ iwájú ilé-iṣẹ́. Obìnrin kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Enase Okonedo, ti darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó di gíwá yunifásítì náà. N kò sọ èyí láti bá wọn polówó. Àwọn náà yẹ ní ẹni tí à ń bi ní ìbéèrè wọ̀nyí.

Èyí tí ó kàn jẹ́ ohun tí ẹ̀yin gan-an mọ̀ ju ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ṣírò èrè orí àdìrẹ, ẹ ó ka owó aṣọ funfun, owó àbẹ́là, owó aró àti sódà, owó igi ìdáná àti owó iṣẹ́ aláró. Omi aró tí ó gba gọ́tà lọ kò sí nínú ìṣirò yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ aláró tí sódà ń jẹ kò sí níbẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí ń san owó rẹ̀: aláró ń fi ara rẹ̀ san án, ẹni tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò sì ń san tirẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti wá irú owó tí ó fara pamọ́ bẹ́ẹ̀ kàn nínú kíláàsì ìṣirò owó fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pinnu èyí tí a ń pè ní èrè. Bí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ kan ṣoṣo ní ń dá sọ ọ́ ní ọ̀sán Ẹtì, nínú iṣẹ́ tí ẹni tí kò bá wù kò ní ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ yóò tètè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ gidi. Lójú tèmi, àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nìyẹn.

Ọ̀nà kan tún wà tí ẹ fi lè yẹ̀ wọ́n wò. Ní 2007, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìfilọ́lẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní PRME, fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi ojúṣe sí àwùjọ kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣàkóso. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rin tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ máa kọ ìròyìn ohun tí ó ṣe jáde lóòrèkóòrè, wọ́n sì ń yọ orúkọ ẹni tí kò bá kọ ọ́. Kí ọmọ yín wá ìròyìn náà kà. Bí ó bá rí i pé àwòrán ọjọ́ ìgbin-igi ló pọ̀ jù níbẹ̀, tí kò sì sí ọ̀rọ̀ nípa ìdánwò àti ìwé kíkà, kí ó tún inú rò kí ó tó sanwó.

ÌBÉÈRÈ: Òṣìṣẹ́ báǹkì ni mí, mo sì ti gba MBA. Èrò mi ni pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò ti ń kọjá àyè wọn. Iṣẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni kí ó pa èrè fún àwọn tí wọ́n ni owó inú rẹ̀. Ìjọba ló ni ọ̀rọ̀ àyíká àti ti mẹ̀kúnnù. Ṣé kì í ṣe pé a ń kọ́ ènìyàn láti máa fi owó olówó ṣàánú ni? — Òǹkàwé láti Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀. Èrò yín ní baba: Milton Friedman, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn New York Times Magazine ní ọjọ́ 13 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 1970. Ṣùgbọ́n òun pàápàá sọ pé ẹni tí ń pa èrè gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òfin àti lábẹ́ ìwà tí àwùjọ kà sí ìwà tó tọ́, apá yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tẹ̀lé e sì máa ń fò.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan tí ó kan báǹkì dá yín lóhùn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Igbe ọdún 2013, ògiri ilé alájà mẹ́jọ kan tí ń jẹ́ Rana Plaza, ní Savar lẹ́bàá Dhaka ní Bangladesh, bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Báǹkì kan àti àwọn ilé-ìtajà wà ní ìsàlẹ̀, àwọn tí ń rán aṣọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun sì wà lókè. Báǹkì náà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ òun máa lọ sílé. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí àwọn aránṣọ padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n máa kó ọjà ránṣẹ́ ti sún mọ́. Ilé náà wó ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ènìyàn tí ó ju 1,100 lọ sì kú. Inú ilé kan náà ni gbogbo wọn wà, wọ́n sì jọ rí ibi tí ògiri ti sán. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kò tà létí ọ̀gá ni ó bá lọ.

Ọ̀gá tí ń ra aṣọ lọ́wọ́ wọn láti òkè òkun kò fọwọ́ kan ògiri náà rí. Ó kàn ń béèrè ọjà tí ó pọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ń ṣe. Ìdí nìyí tí ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ fi ń fi ìtàn yìí kọ́ni lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti jókòó sí àyè aránṣọ fún wákàtí kan nínú àríyànjiyàn kíláàsì yóò béèrè, nígbà tí ó bá di ọ̀gá, bí ẹni tí ń rán aṣọ náà ṣe lè sọ pé òun kò wọlé. Lẹ́yìn ìjàm̀bá náà, ní oṣù Èbìbí ọdún kan náà, àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn lórí ààbò ilé iṣẹ́, àdéhùn tí òfin dè. Kò sí àánú nínú ìyẹn; gbèsè ni wọ́n ń san.

Nínú iṣẹ́ tiyín pàápàá, CBN gbé ìlànà mẹ́sàn-án jáde fún àwọn báǹkì Nàìjíríà ní 2012 lórí bí wọ́n ṣe máa ro ti àyíká àti ti àwùjọ mọ́ owó tí wọ́n ń yá ènìyàn, ìkẹrin nínú wọn sì dá lórí ríró àwọn obìnrin lágbára nínú ọrọ̀ ajé. Báǹkì tí ó yá ilé-iṣẹ́ kan lówó, tí ìlú sì ti ilé-iṣẹ́ náà pa nítorí omi tí ó bàjẹ́, kò ní rí owó rẹ̀ gbà bọ̀rọ̀. Mo gbà pẹ̀lú yín pé ìjọba ní iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì yẹ kí ilé-iṣẹ́ gbà á ṣe. Ṣùgbọ́n ìpinnu tí ó pa àwọn aránṣọ yẹn, inú ọ́fíìsì ni wọ́n ti ṣe é.

ÌBÉÈRÈ: Aláàbọ̀ ara ni mí, kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń rìn. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò kan pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní àjà kejì, kò sì sí ẹ̀rọ agbéniròkè níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe kí èyí má tún ṣẹlẹ̀? — Òǹkàwé láti Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà. Òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ aláàbọ̀ ara léèwọ̀, èyí tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ọ̀nà àbáwọlé wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù níbòmíràn, ẹ kọ̀wé béèrè àjà tí wọ́n ti ń kọ́ni, bí ẹ ó ṣe dé ibẹ̀, àti ibi tí ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ lè wọ̀ wà, kí ẹ sì gba èsì wọn ní kíkọ sílẹ̀. Ní ti èyí tí ó ti ṣẹlẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ní tààrà, kí ẹ ní kí wọ́n tún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yín ṣe ní ìsàlẹ̀. Bí wọn kò bá dáhùn, òfin yẹn kan náà ló dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara sílẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé méjèèjì ránṣẹ́ sí wọn.