Bí A Ṣe Ń Bọ́ Króòmù Kúrò Lára Ọkọ̀ Oníke Kí A Tó Kùn Ún

Ìbéèrè: Okun o, ọ̀gá. Àbúrò mi tó wà lókè òkun fi ọkọ̀ oníke kan ránṣẹ́ sí ọmọ mi, irú èyí tí èèyàn máa ń to ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ kí bọ́ńpà, gíríìlì àti ríìmù rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n króòmù ló wà lára wọn, ọ̀dà tí a sì fi kùn wọ́n ṣí kúrò bí èèpo. A fi sánńpépà ha á, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ara gíríìlì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa rẹ́. Ẹnì kan ní kí a fi bẹntiróòlù nù ún, ẹlòmíràn ní kí a rẹ ẹ́ sínú omi bátìrì. Èwo ni kí a ṣe? (Ìyá ọmọ kan, Ìsánlú)

Ìdáhùn: Okun o, ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, kí ẹ sì dá sánńpépà dúró lónìí.

Ike tí wọ́n fi ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni polystyrene, ẹbí kan náà sì ni òun àti fóòmù funfun tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ó ti rí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń já fóòmù yẹn sínú bẹntiróòlù kí ó lè di gọ́ọ̀mù. Ohun tí bẹntiróòlù ṣe fún fóòmù ni yóò ṣe fún bọ́ńpà ọmọ yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní yá tó bẹ́ẹ̀: ojú ike yóò kọ́kọ́ rọ̀, yóò máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni gbogbo igun rẹ̀ yóò wọ́. Tínà àti asítóònù tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ kò yàtọ̀ sí i. Omi bátìrì ní tirẹ̀ jẹ́ ásíìdì tó lè fọ́ èèyàn lójú, kò sì sí ìdí kankan tí ó fi yẹ kí ó dé itòsí ọmọdé nítorí iṣẹ́ tí ohun ìfọṣọ lásán lè ṣe.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ohun tó ń dán lára ike yẹn kì í ṣe króòmù rárá, alumíníọ́ọ̀mù ni. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n á kọ́kọ́ fi fáníìṣì kun ike náà kí ojú rẹ̀ lè jọ̀lọ̀, wọ́n á gbé e sínú àpótí ńlá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sì mú alumíníọ́ọ̀mù gbóná níbẹ̀ títí yóò fi di oru, tí oru náà yóò wá bà lé ike, tí yóò sì dì mọ́ ọn lára. Ohun tó bà lé e yìí fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí nínípọn rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 1,000 milimítà. Nígbà mìíràn wọ́n tún máa ń da fáníìṣì mìíràn bò ó lórí, pàápàá jù lọ èyí tó ní àwọ̀ wúrà, nítorí pé alumíníọ́ọ̀mù kan náà ló wà lábẹ́ rẹ̀, fáníìṣì òkè nìkan ni wọ́n po àwọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀dà yín fi ṣí: ojú tó ń yọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tí ọ̀dà lè dì mú.

Alumíníọ́ọ̀mù kì í lè dúró níwájú ohun tó ní agbára eérú, ìyẹn ohun tó lòdì sí ásíìdì, omi ìfọṣọ tí à ń pè ní Hypo tàbí Jik sì wà lára irú rẹ̀. Òun ni kí ẹ lò. Ẹ wá abọ́ oníke tó ní ìdérí, kì í ṣe ìkòkò pánù o, nítorí pé alumíníọ́ọ̀mù ni òun náà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ jókòó síta gbangba tàbí sẹ́bàá fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, kí ẹ sì kó àwọn ẹ̀yà náà sínú Hypo tí ẹ kò bu omi là, kí ó bò wọ́n mọ́lẹ̀ pátá. Bí irin bá wà lára èyíkéyìí nínú wọn, bíi ọ̀pá táyà, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ó má baà dípẹtà.

Ẹ máa wò ó dáadáa. Ní etí àti ní àwọn ìgun mímú ni yóò ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀: dídán yóò di bàìbàì bí ìgbà tí èèyàn mí sí dígí, ihò kéékèèké yóò yọ lára rẹ̀, àwọ̀ ike fúnra rẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ funfun tàbí eérú, yóò sì máa hàn láti inú àwọn ihò náà. Òmíràn kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, òmíràn a sì gba wákàtí púpọ̀, èyí tí fáníìṣì bo orí rẹ̀ sì lè sùn mọ́jú nínú rẹ̀. Hypo tó ti pẹ́ nínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù máa ń sọ agbára rẹ̀ nù, nítorí náà ẹ ra tuntun. Bí ó bá ku díẹ̀ nínú ìlà gíríìlì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n jáde, ẹ má tọ́ ọ pẹ̀lú ọ̀bẹ.

Nígbà tí dídán bá ti lọ tán, ẹ fi omi púpọ̀ ṣan àwọn ẹ̀yà náà, kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ sì tún ṣan wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó rí fáníìṣì ìsàlẹ̀, tó máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi í sílẹ̀, èmi náà kò sì rí àléébù nínú bẹ́ẹ̀ bí ó bá fẹ́lẹ́ tí ó sì di ike mú gírígírí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dì sínú àwọn ìlà, tàbí tí ẹ fi èékánná ha á tí ó sì ń ṣí, ó gbọ́dọ̀ kúrò, nítorí pé ọ̀dà tó bá jókòó lé e lórí yóò bá a ṣí. Ẹ rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, kí ó wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n. Igi ike tí wọ́n fi so àwọn ẹ̀yà pọ̀ nínú páálí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò.

Ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín tí n kò fẹ́ kí ẹ gbójú fò. Hypo àti sípíríìtì kò gbọ́dọ̀ pàdé. Bí Hypo bá ṣẹ́ kù lára ike nígbà tí ẹ kó o sínú sípíríìtì, èéfín olóró lè jáde. Hypo àti Harpic kò gbọ́dọ̀ pàdé pẹ̀lú, nítorí pé ásíìdì tó wà nínú Harpic máa ń lé gáàsì kilorín jáde, èyí tó lè pa èèyàn lára nínú ilé ìwẹ̀ tó há. Àwọn kan máa ń lo òróró bíréèkì láti yọ fáníìṣì. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ba ara jẹ́, kò sì yẹ kí ó sún mọ́ ohunkóhun tó ní kilorín nínú, nítorí pé lúúlúù kilorín tí wọ́n fi ń tọ́jú omi lè gbiná bí òróró bíréèkì bá kàn án.

Ẹ lè gbọ́ pé kọ́sítíìkì sódà tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń rà ní ọjà Kábà yára ju Hypo lọ. Òótọ́ ni, ó sì lè bọ́ alumíníọ́ọ̀mù kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ó máa ń jó ara, omi tí wọ́n bá po ó sí a máa gbóná, gáàsì tó ń gbiná a sì máa jáde nígbà tó bá ń jẹ alumíníọ́ọ̀mù. Fún ẹ̀yà ọkọ̀ díẹ̀ tí ọmọdé ń ṣeré, Hypo tó.

Ẹ má sì gbé bọ́ńpà ọkọ̀ gidi tàbí dígí ọ̀kadà wá sínú Hypo nítorí ohun tí mo kọ yìí. Króòmù gidi ló wà lára tiwọn, wọ́n fi iná mànàmáná dì í lé orí nickel àti bàbà, Hypo kò sì lè bọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ó kàn lè bà á jẹ́ ni. Irú ìyẹn la máa ń fi sánńpépà ha.

Nípa kíkùn: kí ẹ jẹ́ kí ike náà gbẹ dáadáa nínú ìbòòji, ẹ má gbé e sínú oòrùn ọ̀sán tàbí kí ẹ da omi gbígbóná sí i, nítorí pé ó lè wọ́. Ọ̀dà tí a ń fi kun ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní tínà líle nínú, bí ó bá sì rin ike yẹn, ojú rẹ̀ yóò sán wẹ́wẹ́. Bí òun nìkan ni ẹ rí, ẹ fọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ láti òkèèrè, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí ó tó bà lé ike, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó tún fọ́n. Ọ̀dà tí a ń fi omi pò, tí wọ́n ṣe fún ike, ló dára jù. Ní àsìkò òjò, ẹ má fọ́n ọn nígbà tí òjò ṣú tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, nítorí pé ọ̀rinrin máa ń sọ ọ̀dà dúdú di funfun. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ da abọ́ bò ó bí ẹ bá fọ́n ọn tán kí eruku má baà bà lé e. Ibi tí ẹ̀yà kan yóò ti lẹ̀ mọ́ èkejì, ẹ fi téèpù oníbébà bò ó kí ọ̀dà má kàn án, nítorí ike lásán ni gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń di mú.