Atẹ́gùn kọ́ ló gbé Akíntọ́lá la òkun já

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀yin tí ẹ bi wá nípa Akíntọ́lá, èpò inú oko yẹn. Ẹ ní ẹ rí àwòrán ilẹ̀ ayé kan tí wọ́n fi àmì pupa kan náà sí àwọn erékùṣù wọ̀nyí: Trinidad àti Jamaica ní Caribbean, Sumatra àti Timor ní Éṣíà, Palau, Guam àti Hawaii ní Pàsífíìkì. Ẹ wá ń bi wá pé ṣé atẹ́gùn ló fẹ́ hóró rẹ̀ la òkun já ni, àti pé ṣé ohun kan wà tó lè dá a dúró. Iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ni pé kí èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa gùnkè sọ̀kalẹ̀ ní erékùṣù Oahu ní Hawaii, ká máa wá Akíntọ́lá, ká máa hú u. Ojú mi rí màbo nídìí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Ẹ mú atẹ́gùn kúrò níbẹ̀ ná. Mo mọ ohun tó jẹ́ kí ọkàn yín lọ síbẹ̀. Hóró rẹ̀ dúdú, ó tín-ín-rín, kò gùn ju nǹkan bíi mìlímítà 5 lọ, irun funfun sì wà ní orí rẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ bá fẹ́ ẹ lẹ́nu, á fò. Ṣùgbọ́n ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ rọra fi ìka fà á láti orí dé ìdí, kí ẹ tún fà á láti ìdí padà sí orí. Lọ́nà kan á yọ̀ geere, lọ́nà kejì á kọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ̀gún wínníwínní ló tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀gún yẹn sì ni ọ̀gá. Irun funfun ibẹ̀ kì í gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jìnnà sí ìdí ìyá wọn. Àwọn tó ń rìnrìn àjò ni àwọn tó kọ́ mọ́ ìbọ̀sẹ̀, okùn bàtà, àpò ẹ̀yìn àti irun ẹran, tàbí tí wọ́n já sínú ẹrẹ̀, tí ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ katakata, tí wọ́n wá gbé katakata sínú ọkọ̀ òkun.

Ohun tí àwòrán yẹn kò sì sọ fún yín ni ọdún. Ẹ kọ ọdún sí ẹ̀gbẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ yí padà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni Akíntọ́lá ti wá, láti Florida àti Texas lọ dé Argentina, pẹ̀lú àwọn erékùṣù Caribbean. Ní ọ̀rúndún 19 ni wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ewéko tó wà ní Calcutta ní Íńdíà, ó sì jáde nínú ọgbà náà. Ní 1934, wọ́n ti rí i ní Sumatra. Nǹkan bíi ìparí àwọn ọdún 1930 ló wọ Nàìjíríà, ní agbègbè Enugu, àárín irúgbìn igi melínà tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ló fara pamọ́ sí. Guam rí i ní 1963. Oahu kò rí i títí di 2011.

Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Òkun tó wà láàárín Guam àti Hawaii fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 6,000. Bó bá jẹ́ pé atẹ́gùn ló ń gbé e, kí ló ń dúró dè fún ọdún 48? Èyí tó tún burú ni pé atẹ́gùn tó máa ń fẹ́ lójú òkun níbẹ̀, láti ìlà-oòrùn ló ti ń wá, ìyẹn ni pé láti ìhà Hawaii ló ń fẹ́ lọ sí ìhà Guam. Bí Akíntọ́lá bá ti Guam wá, á jẹ́ pé ó dojú kọ atẹ́gùn wá nìyẹn. Hóró kankan kì í ṣe irú ẹ̀. Níbo ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí i ní Oahu? Ní Kahuku, nínú pápá tí àwọn sójà ti ń ṣe ìdánrawò, tí àwọn ọlọ́kadà sì ń sáré lórí ẹrẹ̀ ní apá kan rẹ̀. Kì í ṣe etíkun tí ìgbì ń gbá, kì í ṣe orí òkè tí atẹ́gùn ń bì lù.

Nígbà tí mo dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, kò pẹ́ tí mo fi mọ ibi tó yẹ kéèyàn wò. Ẹ tẹ̀lé ojú ọ̀nà àwọn ọlọ́kadà. Níbi tí ọ̀nà bá ti yí kọ́rọ́, tí táyà ń ta ẹrẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ lẹ óò bá àwọn ọmọdé rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti máa ń sọ̀kalẹ̀ sinmi, tí wọ́n ń tú bàtà, ẹ óò bá wọn níbẹ̀ náà. Nínú igbó tí ẹnikẹ́ni kì í rìn sí, a lè fi ọ̀sán gbogbo rìn kí a má rí ẹyọ kan, kí a wá já sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́dẹ̀ igbó, ká tún rí i.

Kò ní ṣòro fún ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n láti oko láti dá a mọ̀: ewé méjì tó kọjú síra wọn, iṣan mẹ́ta tó jáde láti ìdí ewé kọ̀ọ̀kan bí àmúga, àti òórùn yẹn tí ẹ bá fún un lọ́wọ́. Àdá kò ràn án. Bí ẹ bá bẹ́ ẹ, kókó líle kan wà ní ìdí rẹ̀ lábẹ́ erùpẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀ka tuntun á ti ya jáde, á sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iná tún ń ṣe é lóore ni, torí ó ń pa àwọn aládùúgbò rẹ̀, òun á sì tún hù láti inú kókó yẹn. Afi kí ẹ hú kókó náà tán. Oògùn apakoríko ń mú àwọn ọmọdé rẹ̀ dáadáa, àwọn àgbà ni kò rọrùn. Bó bá ti tanná, ẹ kọ́kọ́ kó orí òdòdó sínú ọ̀rá kí ẹ sì di í lẹ́nu pinpin kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, nítorí ìdí kan ṣoṣo lè so hóró tó tó 80,000 lọ́dún.

Ọ̀rọ̀ òdòdó yìí ní ọgbọ́n kan nínú fún àwọn tó ń ṣọ́ èbúté. Ìgbà tí ojúmọ́ bá kúrú ló máa ń tanná. Ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ìyẹn bọ́ sí nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní, ní gúúsù ó bọ́ sí oṣù kẹfà sí ìkeje. Ẹni tó ń yẹ ẹrù wò ní erékùṣù àríwá, tó ń sọ pé àsìkò Akíntọ́lá ti kọjá, lè máa gba katakata tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àárín òdòdó gúúsù bọ̀.

Ó wá ku Trinidad, torí àmì tí wọ́n fi sí i ló ń bí mi nínú jù. Kò yẹ kí àwọ̀ rẹ̀ rí bákan náà pẹ̀lú ti Guam. Ilé rẹ̀ ni Trinidad. Ó wà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, láàárín àwọn ewéko mìíràn, kò bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ rí irú kòkòrò tó lé ní 200 tó ń gbé ara rẹ̀, tàbí tó ń jẹ ewé, igi, òdòdó àti hóró rẹ̀. Àyẹ̀wò DNA sì fi hàn pé èyí tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ní Éṣíà àti ní Pàsífíìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ìdílé wọn sì tọ́ka sí Trinidad. Ó lè so láìjẹ́ pé akọ gba ara abo, nítorí náà hóró kan nínú bàtà kan ti tó. Ti gúúsù Áfíríkà yàtọ̀, ìhà Jamaica àti Cuba ni ìyẹn ti wá, ìyàtọ̀ yẹn kì í sì í ṣe eré, torí kòkòrò tó ṣiṣẹ́ ní Pàsífíìkì kò gbà láti gbé ara ti gúúsù Áfíríkà.

Kòkòrò wo? Àkọ́kọ́ ni àfòpiná kan, Pareuchaetes pseudoinsulata, tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Guam ní 1985. Ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ ewé, òru ló sì ń jẹun. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, á sọ̀kalẹ̀ lọ sá sí abẹ́ ewé gbígbẹ ní ìdí igi, ẹni tó bá wá lọ́sàn-án á sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Akíntọ́lá kì í sì í kàn dúró kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n ti jẹ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ewé tó pọ́n yẹn kì í sì í bá ọmọ àfòpiná lára mu mọ́.

Ìkejì ló dùn mọ́ mi jù, eṣinṣin kan tí wọ́n ń pè ní Cecidochares connexa. Colombia ni wọ́n ti mú un wá, wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní Sumatra ní 1995, ó dé Guam ní 1998, Papua New Guinea ní 2001, Timor-Leste ní 2005. Orí ọ̀mùnú ló ń yé sí. Ibẹ̀ á wú di kókó, àwọn ìdin á máa jẹun nínú rẹ̀. Mo la ọ̀kan wò nígbà tí mo lọ sí Guam: kí ìdin tó sùn, ó ti gbẹ́ ọ̀nà láti inú dé ara èèpo, ó wá ṣẹ́ èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kù bí ojú fèrèsé, torí eṣinṣin tó bá jáde kò ní eyín tó lè fi gbẹ́ igi. Kókó wọ̀nyí kì í sábà pa igi náà. Wọ́n ń fa oúnjẹ rẹ̀ mu ni, kò ní ga tó bẹ́ẹ̀ mọ́, òdòdó rẹ̀ á dín kù, koríko mìíràn á sì rí oòrùn.

Nítorí náà, ṣé a lè dá a dúró? Bó bá jẹ́ ìdí díẹ̀ ló dé erékùṣù, ẹ hú u, kí ẹ sì máa padà lọ síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, torí hóró díẹ̀ máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀. Bó bá ti tàn kálẹ̀, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Australia rí i ní Queensland ní 1994, wọ́n ná owó, wọ́n kó èèyàn sígbó fún ohun tó lé ní ọdún 15, kí wọ́n tó gbà pé kò ṣeé pa run mọ́. Lójú tèmi, ẹni tó bá fi owó sí omi tí wọ́n fi ń fọ katakata kó tó wọkọ̀ ló rí èrè jù.

Ọ̀gbẹ́ni tó sì ní òun á fi ìgò mú eṣinṣin yẹn lọ sí erékùṣù òun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ìbátan Akíntọ́lá pọ̀. Hawaii ní oríṣiríṣi abẹ́rẹ́ olóko tirẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé, erékùṣù tó bá sì ní irú ìbátan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi eṣinṣin náà sí ara wọn nínú ilé àyẹ̀wò ná, kí wọ́n rí i pé kò yé sí wọn. Ẹ̀yin tí ẹ bá rí Akíntọ́lá níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀, ẹ ya fọ́tò ewé àti òdòdó, ẹ sàmì sí ibẹ̀, kí ẹ ké sí àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ewéko. Kí ẹ tó padà wọ mọ́tò, ẹ tú okùn bàtà yín pátápátá kí ẹ gbá abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn hóró yẹn máa ń wà.