Wọ́n ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń ṣe mí: ṣé ara mi ṣì lè bọ̀ sípò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí gbogbo nǹkan ti sú mi. N kì í rí oorun sùn dáadáa, oúnjẹ kì í wù mí jẹ, iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ti di ẹrù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n yẹ̀ mí wò ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, wọ́n sì fún mi ní sertraline. Mo ti lò ó fún ọjọ́ mẹ́jọ. Èébì ló ń gbé mi, ọkàn mi ò sì fúyẹ́ rárá. Àwọn ará ilé ní kí n ṣọkàn gírí, kí n tújú ká. Ṣé oògùn náà ò bá mi lára mu ni? Ṣé mo ṣì lè padà sí bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń jẹ yín lọ́kàn jù: bẹ́ẹ̀ ni, àìsàn tó ṣeé tọ́jú ni, ọ̀pọ̀ ẹni tó sì gba ìtọ́jú ni ara wọn ń yá. Àmọ́ ara kì í yá lọ́nà tí àwọn èèyàn ń retí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ̀rètí nù ṣáájú àkókò.

Ọjọ́ mẹ́jọ kò tíì tó láti dá sertraline lẹ́jọ́. Oògùn irú rẹ̀ máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí èèyàn tó rí ìyàtọ̀, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí agbára rẹ̀ tó hàn tán. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ìyọnu rẹ̀ ló ń ṣáájú àǹfààní rẹ̀ dé. Èébì, orí fífọ́, ìgbẹ́ gbuuru, oorun tó dà rú: púpọ̀ nínú wọn ló ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, èébì náà lè dínkù. Èyí tó lè pẹ́ jù, tí ìtìjú kì í jẹ́ kí àwọn èèyàn sọ, ni kí ìbálòpọ̀ má wu èèyàn mọ́. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun létí wa, ọ̀nà àtiṣe é sì wà. Ẹ má kàn dá oògùn náà dúró lójijì, torí òòyì lè kọ́ yín, ara sì lè máa gbọ̀n. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń dín in kù.

Tí oògùn àkọ́kọ́ kò bá wá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, STAR*D, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni ara rẹ̀ yá pátápátá pẹ̀lú oògùn àkọ́kọ́. Àwọn mìíràn rí ìtura lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tàbí tí wọ́n fi ìtọ́jú mìíràn kún un. Nítorí náà, tí ti àkọ́kọ́ bá kùnà, ẹ má sọ pé ẹjọ́ yín kò ní àtúnṣe.

Ẹ má dúró de àárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ máa jí tí gbogbo ẹ̀ ti lọ. Nígbà púpọ̀, oorun àti oúnjẹ ló ń kọ́kọ́ bọ̀ sípò, agbára á tẹ̀ lé e, inú dídùn á wá kẹ́yìn. Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú yín lè kíyè sí i kí ẹ̀yin tó mọ̀: á ní ẹ jẹun tán lónìí, tàbí pé ẹ dá ẹnì kan lóhùn láìjẹ́ pé wọ́n pè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ burúkú á ṣì máa yọjú láàárín ọjọ́ dáadáa. Ìyẹn ò sọ yín padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ewu kan wà nínú oògùn náà o. Nígbà míì, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mélòó kan àti lára ẹni tí kò tíì pé ọdún 25, èrò pé kí èèyàn pa ara rẹ̀ lè le sí i. Tó bá wá sí yín lọ́kàn, ẹ má dá nìkan wà. Ẹ sọ fún ẹnì kan lójú ẹsẹ̀, kí ó bá yín kó oògùn àti ohunkóhun tó lè ṣe yín léṣe kúrò nítòsí, kí ó sì bá yín dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má fi dọ̀la.

Ní ti àwọn ará ilé, ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ìmọ̀ràn yẹn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, a kì í ní kó ṣọkàn gírí kó sáré. Síbẹ̀, kí ẹ sùn kalẹ̀ títí á fi wù yín láti dìde náà kò dáa, torí pé nínú àìsàn yìí, ṣíṣe ló máa ń ṣáájú kó tó wu èèyàn. Ẹ mú nǹkan kékeré kan. Tí ìwẹ̀ bá ti di òkè ńlá, ti àárọ̀ yìí lè má ju kí ẹ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ bọ́jú. Ó parí. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ fi òǹkà láti orí òdo dé 10 díwọ̀n bí inú yín ṣe rí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ tún kọ ọ́. Ó lè kúrò ní 2 bọ́ sí 3. Ọpọlọ tó ń rẹ̀wẹ̀sì á ní kò sí ìyàtọ̀, àmọ́ ìwé á jẹ́rìí. Rírìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ dáa lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ béèrè nípa ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe, irú èyí tó ń kọ́ni láti yẹ èrò ara ẹni wò. Fún ìrẹ̀wẹ̀sì tí kò le jù, ó lè ṣiṣẹ́ bí oògùn. Fún èyí tó le, méjèèjì pa pọ̀ ló sàn jù. Ẹ jìnnà sí ọtí. Ẹ má sì tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀: ìpinnu ńlá lè dúró.

Tí ẹ bá padà sí ilé ìwòsàn, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ òǹkà yẹn sí dání. Ẹ sọ fún dókítà tí ìgbà kan bá wà rí tí ẹ kì í sùn àmọ́ tí agbára yín ń gbóná lọ́nà tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu, torí ìtọ́jú tiyín lè yàtọ̀. Ẹ sọ gbogbo egbòogi tí ẹ ń lò. Ẹ bi í bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ìṣòro thyroid, ìyẹn ẹ̀yà ara kan tó wà ní ọrùn, torí àwọn náà lè mú irú àárẹ̀ yìí wá. Nígbà tí ara bá sì ti yá, ẹ máa lo oògùn náà lọ fún ó kéré tán oṣù mẹ́fà sí i, kí ẹ tó bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa dídín in kù.