Ẹ Bi Wá Nípa Kọ̀ǹpútà: Antivirus wo ló yẹ kọ̀ǹpútà ilé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mò ń gbé. Mo ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan fọ́mọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀. Ẹni tó bá wa tò ó fi antivirus méjì sí i, Avast àti AVG, ó ní tolówó ni méjèèjì àmọ́ òun ti bá wa crack ẹ̀. Látìgbà náà, tọ́mọ bá tan ẹ̀rọ yìí, ó lè lọ pọnmi dé kó má tíì ṣí tán. Ẹlòmíì wá ń sọ pé ká yọ wọ́n, ká lọ ra èyí tá a máa sanwó ẹ̀ lọ́dọọdún. Èwo ni ká ṣe? – *Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Iléṣà*

ÌDÁHÙN: Màámi, ẹ kú ìnáwó ọmọ, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè ẹ̀. Ẹ má ra nǹkankan o. Antivirus tó dáa, ìyẹn ohun tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì, ti wà nínú Windows yẹn látilẹ̀ wá, Microsoft Defender lorúkọ ẹ̀, Windows 10 àti Windows 11 ló jọ ń gbé e wá, ọ̀fẹ́ ni, kò sígbà tó máa ní kẹ́ ẹ wá sanwó ọdún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé tí Defender bá ti rí i pé antivirus mìíì wọlé, ó máa ń yẹ̀ fún un, á jẹ́ kíyẹn máa ṣọ́ ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló wọlé, kò burú. Àmọ́ méjì ni tiyín, bẹ́ẹ̀ àgbò méjì kì í mumi nínú igbá kan. Fáìlì kan tọ́mọ yín bá fẹ́ ṣí, èyí á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn náà á tún yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà míì ọ̀kan tiẹ̀ lè máa pe fáìlì èkejì ní fáírọ́ọ̀sì, tó bá wá jẹ́ pé RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 4GB péré ló wà nínú tòkunbọ̀ náà, ibo ló ti máa rí agbára ṣiṣẹ́? Ibẹ̀ ni gbogbo ìfàsẹ́yìn yẹn ti ń wá. Èyí tó tún wá ṣeni láàánú níbẹ̀ ni pé ilé kan náà ni Avast àti AVG, ọdún 2016 ni Avast ra AVG, torí náà ààbò kan náà lẹ gbà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ crack yẹn ló ká mi lára jù. Kí wọ́n tó lè já antivirus kí wọ́n máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, àfi kí wọ́n tú inú ẹ̀ kí wọ́n sì yí nǹkan padà, ta ló wá mọ ohun tí wọ́n fi sí i kí wọ́n tó dé e padà? Bákan náà ni crack Windows, bákan náà ni ti Word àti Corel táwọn èèyàn ń fi fláàṣì pín kiri ọgbà ilé ìwé. Ẹ wo ìwé kékeré tó máa ń bá wọn wá, nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ pa antivirus yín ná kẹ́ ẹ tó fi í sórí ẹ̀rọ. Ohunkóhun tó bá ní àfi kí antivirus kú kóun tó wọlé, ẹ má jẹ́ kó wọlé rárá, kódà kó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọmọ yín ló gbé e wá, kó sì máa búra pé òun ti lò ó rí tí nǹkankan ò ṣe òun.

Ohun tí kọ́mọ ṣe nìyí. Kó ṣí Settings, kó lọ síbi Apps, kó yọ AVG, kó yọ Avast, kó restart ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣagídí, ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ní irinṣẹ́ kékeré kan lórí sáìtì wọn tó máa fà wọ́n tu. Tí ẹ̀rọ bá padà tán, kó tẹ "Windows Security" níbi Start, kó wọ Virus & threat protection, kó wo déètì tí update gbẹ̀yìn wọlé. Tó bá ti pẹ́, kó tẹ Check for updates. Torí crack tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò ní kó ṣe Quick scan, kó wọ Scan options, kó yan Microsoft Defender Offline scan: ẹ̀rọ á kú, á tan padà, á yẹ ara ẹ̀ wò kí Windows gangan tó jí, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni. Kó rí i pé bátìrì kún o, torí iná tó bá lọ láàárín méjì ò dáa.

Ẹ ó ní dátà ńkọ́. Mo mọ̀, dátà ti di wúrà. Microsoft gbé fáìlì update kan síta tó ń jẹ́ mpam-fe.exe, ọmọ lè daunlóòdù ẹ̀ níbi tí Wi-Fi bá wà, kó fi fláàṣì gbé e lọ sí yàrá, kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Sáìtì Microsoft fúnra wọn ni kó ti gbà á o, kì í ṣe níbòmíì.

Èyí tó kù yìí, òun ló jẹ mí lọ́kàn jù lórí ọ̀rọ̀ tiyín. Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe Windows 10 dúró ní 14 October 2025. Defender ṣì ń gba update tiẹ̀ lórí Windows 10, wọ́n ní títí di October 2028, àmọ́ ihò tó bá wà lára Windows fúnra ẹ̀, antivirus ò lè dí i. Ẹ rántí WannaCry ti May 2017, èyí tó ti fáìlì àwọn ọsibítù pa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní kí wọ́n wá sanwó kí wọ́n tó ṣí i. Láti oṣù March ọdún yẹn ni Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò náà síta, oṣù méjì gbáko kí nǹkan tó bàjẹ́, àwọn tó gba update nígbà yẹn ló rí i sá. Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo update ju antivirus lọ, ẹni bá ń pa update torí dátà ń ṣí ilé sílẹ̀ ni.

Torí náà kọ́mọ wọ Settings, kó tẹ Windows Update, tó bá rí "Enroll now" níbẹ̀, kó forúkọ sílẹ̀, wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá ti gbà láti fi àkáǹtì Microsoft tọ́jú settings ẹ̀, á máa gba àtúnṣe ìdáàbòbò títí di October 2026. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di Windows 11. Ibí ni nọ́ńbà ara processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ti wúlò. Ẹ ní kó wo About nínú Settings: tó bá rí i5-6300U, ìran kẹfà Intel nìyẹn, Windows 11 ò gbà á, tó bá jẹ́ i5-8250U, ìran kẹjọ ni, ibẹ̀ ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ ra tòkunbọ̀, nọ́ńbà yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè, torí àwọn kan máa ń fagbára ki Windows 11 bọ ẹ̀rọ tí kò gbà á, wọ́n á wá ní tuntun ni. Tó bá jẹ́ ìran kẹfà lẹ bá, tí kò sówó òmíì, Linux Mint, tí wọ́n ń lò dípò Windows, ò le kọ́, ọ̀fẹ́ ni, á sì sáré lórí ẹ̀rọ yẹn ju Windows lọ.

Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra antivirus yẹn, ẹ fi ra hard disk ìta. Kọ́mọ máa da assignment àti project ẹ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó yọ ọ́ lára ẹ̀rọ tó bá ti dà á tán, torí fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa, gbogbo ohun tó bá bá lára ẹ̀rọ ló ń tì.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbé fláàṣì mi lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Lágéré láti print chapter two mi, nígbà tí mo délé, gbogbo fódà inú ẹ̀ ti di shortcut, kò sí èyí tó ju 2KB lọ. Ṣé iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn? – *Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀*

ÌDÁHÙN: Àbúrò, fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ ẹ ṣì wà níbẹ̀. Irú fáírọ́ọ̀sì yìí kì í sábà pa nǹkan rẹ́, ṣe ló máa ń fi fódà ẹ pamọ́, á wá fi shortcut olórúkọ kan náà dípò ẹ̀. Wo igun ìsàlẹ̀ àwòrán fódà yẹn dáadáa, wàá rí ọfà kékeré kan. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, fódà ẹ á ṣí lóòótọ́, wàá rò pé kò séwu, bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn gan-an ni fáírọ́ọ̀sì ń wọ kọ̀ǹpútà ẹ lọ, fláàṣì mìíì tó o bá tún kì bọ̀ ọ́ náà á kó o. Torí náà má tẹ ìkankan nínú wọn.

Jẹ́ kí Defender yẹ fláàṣì náà wò ná: fi ọwọ́ ọ̀tún mouse tẹ drive ẹ̀, yan Scan with Microsoft Defender. Tó bá pa ohun tó rí tán, tẹ cmd níbi Start, ṣí i, tó bá jẹ́ E ni lẹ́tà fláàṣì ẹ, kọ èyí bó ṣe wà gẹ́lẹ́:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Tẹ Enter, ní sùúrù. Àwọn fódà ẹ á yọjú. Kó Word àti PDF ẹ sórí kọ̀ǹpútà, má kó shortcut kankan, má kó fáìlì .exe tó ò mọ̀ rí, lẹ́yìn náà kó o format fláàṣì yẹn. Mi ò dá àwọn oní sẹ́ńtà lẹ́bi o, fláàṣì gbogbo ìlú ló ń gba ojú ẹ̀rọ wọn kọjá láàárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ mìíì, sọ iṣẹ́ ẹ di PDF, fi ránṣẹ́ sórí ímeèlì wọn tàbí WhatsApp wọn, kí fláàṣì jókòó sílé.

ÌBÉÈRÈ: Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo Kaspersky, mo wá gbọ́ pé Amẹ́ríkà ti fòfin dè é. Ṣé kí n jù ú nù ni? – *Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Iléṣà*

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Òótọ́ ni. June 2024 ni ìjọba Amẹ́ríkà kéde ẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ tà á fún oníbàárà tuntun níbẹ̀ látì 20 July, update náà sì dúró ní 29 September ọdún yẹn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ilé iṣẹ́ Rọ́ṣíà ni, ìjọba Rọ́ṣíà lè gba ibẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn wọn. Ilé iṣẹ́ náà ní irọ́ ni. Òfin yẹn ò dé Nàìjíríà, tó bá ṣì ku oṣù díẹ̀ nínú owó tẹ́ ẹ san, ẹ lò ó tán.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tinú mi. Kò sóhun tẹ́ ẹ ń ṣe lórí ẹ̀rọ tí antivirus ò rí, torí náà ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán lẹ ń yàn. Ẹ wo Avast, February 2024 ni FTC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là, torí wọ́n ń ta àkọsílẹ̀ ibi táwọn èèyàn ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ka wọn kan tó ń jẹ́ Jumpshot ni wọ́n fi ń tà á kí wọ́n tó tì í pa ní 2020. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí n máa sọ pé ká fàwọn àlejò sílẹ̀ ká lo Defender, ẹni tó ni Windows kúkú ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí èyíkéyìí ṣe lágbára tó, AV-TEST ní Magdeburg, Jámánì, àti AV-Comparatives ní Innsbruck, Austria, ń dán wọn wò déédéé, èsì wọn wà lórí sáìtì wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Aránṣọ ni mí ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Ní igun kọ̀ǹpútà mi, nǹkan kan ń yọ jáde ṣáá pé fáírọ́ọ̀sì márùn-ún ti wọlé, kí n tẹ ibẹ̀ kí n sanwó. Mo ti fẹ́ san án. – *Aránṣọ, Mọ̀dákẹ́kẹ́*

ÌDÁHÙN: Ẹ dákun, ẹ má san án! Antivirus kọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ látọ̀dọ̀ sáìtì kan ni. Lọ́jọ́ kan tẹ́ ẹ ń wá stáìlì tàbí ẹ ń wo fíìmù, sáìtì kan bi yín bóyá kóun máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ tẹ Allow, látìgbà náà ló ti ń dẹ́rù bà yín. Ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ ààmì dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ wọ Settings, Privacy and security, Site settings, Notifications. Ẹ ó rí orúkọ sáìtì náà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ yọ gbogbo èyí tẹ́ ẹ ò mọ̀, ariwo yẹn á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá pè yín pé kẹ́ ẹ fi AnyDesk, ohun tó ń jẹ́ kéèyàn darí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì látọ̀nà jíjìn, jẹ́ kóun wọlé wá tún un ṣe, ẹ pa fóònù mọ́ ọn lójú.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹ ti tẹ nọ́ńbà káàdì yín síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ̀wé, ẹ pe báǹkì yín lónìí kí wọ́n ti káàdì náà pa, orí fóònù ni kẹ́ ẹ sì ti pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì yín, kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà yẹn.