Orúkọ Àgùdà Kì Í Ṣe Ìwé Ìrìnnà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Lọ́yà. Da Silva ni orúkọ ìdílé wa, ọmọ Pópó Àgùdà ni wá, àdúgbò àwọn tó ti Brasil padà sí Èkó. Bahia ní ilẹ̀ Brasil ni baba ńlá wa ti bọ̀ wá sí Èkó. Ọkùnrin kan tó ń bá èèyàn ṣe físà ní orúkọ wa nìkan ti tó láti fi gba ìwé ìrìnnà Brasil, tàbí ti Pọ́túgàl bí ti Brasil bá pẹ́. Ó ní kí n san ìdajì owó sílẹ̀, kí n sì ṣe àyẹ̀wò DNA. Ṣé kí n san án? (Òǹkàwé kan, Súrùlérè)

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Bí ẹ bá sì ti san án, ẹ lọ gba owó yín kí ẹ tó ka ìyókù.

Irú ìbéèrè yìí ti sú mi. Da Silva lónìí, Pereira lọ́la, Cardoso lọ́tùúnla. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè kọ́ ni mò ń bínú sí o. Àwọn tó sọ ìtàn baba yín di ọjà, tí wọ́n wá ń tà á padà fún yín, ni wọ́n ń bí mi nínú.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi orúkọ yẹn mú un. Orúkọ Pọtogí kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ Pọtogí wà lára ẹni. Lásìkò ogun tó tú Ọ̀yọ́ Ilé ká, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ rẹpẹtẹ sí Salvador ní Bahia, Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Wọ́n ṣe ìsàmì fún wọn, wọ́n sọ wọ́n ní João, wọ́n sọ wọ́n ní Maria. Ẹni tó bá wá ra ara rẹ̀ padà, orúkọ ìdílé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń mú, tàbí ti bàbá ìsàmì rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí baba ńlá yín jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn pọ́ńbélé.

Ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í gan-an nìyí. Ẹ rò pé baba ńlá yín jẹ́ ọmọ Brasil tó wá fi Èkó ṣe ilé. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Brasil sọ fún un pé kì í ṣe ọmọ òun ló jẹ́ kó padà wá. Ìwé òfin ńlá ilẹ̀ náà ti ọdún 1824 là á mọ́lẹ̀: ẹrú tó ti gba òmìnira lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà bó bá ṣe pé Brasil ni wọ́n bí i sí. Ẹni tí wọ́n bí sí Ọ̀yọ́ tàbí Ẹ̀gbá ńkọ́? Àlejò ni, ì báà ti lo ogójì ọdún lóko ìrèké.

Lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kìíní 1835, nínú oṣù ààwẹ̀, àwọn Mùsùlùmí tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Nàgó dìde ogun ní Salvador. Wọ́n ṣẹ́gun wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ìyà tó tẹ̀ lé e kò mọ sórí àwọn tó jà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ìjọba Bahia ṣe òfin pé kí gbogbo ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira máa san owó orí mil-réis 10 (owó Brasil ayé ìgbà náà) lọ́dọọdún, wọn kò sì gbọdọ̀ ra ilé tàbí ilẹ̀. (Ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún kan náà ni wọ́n wá fòpin sí oko ẹrú ní Brasil, ní 1888. Ìyẹn nìkan ni aráyé ń rántí.) Ẹ wò ó ná: ẹni tó fi òógùn ra orí ara rẹ̀, tó tún rówó pamọ́, kò lè fi owó yẹn ra yàrá kan. Bó bá wọkọ̀ ojú omi lọ, kò sí ààyè àbọ̀, torí òfin 1831 ti kà á léèwọ̀ kí ẹni tó gba òmìnira, tí kì í ṣe ọmọ Brasil, tún gúnlẹ̀ sí èbúté wọn. Ìwé ìrìnnà tí wọ́n fún un, ìwé àlọ tí kò ní àbọ̀ ni.

Èkó, pẹ̀lú Agoué, Ouidah àti Porto-Novo tó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ òde òní, ló jèrè wọn. Kí ẹ lọ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, ló kọ́ ọ. Ẹni tí Bahia ní kò gbọdọ̀ ra ilé wá di ẹni tó ń kọ́lé fún ìlú. Ìtàn yìí ni ọkùnrin yẹn fẹ́ gbé lọ sí kọ́ńsúlù láti fi hàn pé ọmọ Brasil ni yín!

Bí wọ́n bá bí baba ńlá yín sí Brasil ńkọ́, tó jẹ́ pé ó bá àwọn òbí rẹ̀ padà ni? Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gùn dé ọ̀dọ̀ yín. Òfin 1824 yẹn ní ọmọ tí ọmọ Brasil bá bí sẹ́yìn odi gbọ́dọ̀ lọ fi Brasil ṣe ibùgbé kó tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà. Ta ni nínú yín ló lọ? Lónìí, bàbá tàbí ìyá tó bí ẹni gan-an ni wọ́n ń wò, kì í ṣe baba ńlá.

Ti Pọ́túgàl kò tilẹ̀ yẹ ní ìjíròrò. Brasil ti kúrò lábẹ́ wọn ní 1822. DNA ńkọ́? Kọ́ńsúlù Brasil tàbí ti Pọ́túgàl kì í fi itọ́ ẹnu nìkan fúnni ní ìwé ìrìnnà. Òfin tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ sì ṣe ní 2024 láti sọ ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú di ọmọ ilẹ̀ wọn, tí àwọn kan fi ń tan yín, àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn lọ tí wọn kò padà ló wà fún. Ẹ̀yin ti wà nílé.

Bó bá jẹ́ ìtàn ìdílé ni ẹ ń wá, inú mi dùn. Ẹ béèrè ìwé ìsàmì ní ìjọ Àgùdà tí àwọn baba yín ń lọ. Àkọsílẹ̀ ìwé ìrìnnà àwọn tó padà wá tún wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Salvador. Èmi kò rí ìwé ìdílé yín o, òfin sì ń yí padà, nítorí náà ẹ má fi èsì yìí rọ́pò agbẹjọ́rò tó bá yẹ ọ̀rọ̀ yín wò lójúkojú.

Bí ọkùnrin yẹn bá tún pè, kó kọ ohun tó ṣèlérí sílẹ̀ kó sì buwọ́ lù ú. Kò ní kọ ọ́. Bó bá wá ní òun lè “ṣètò” ìwé ìbí baba ńlá yín, ẹ pa fóònù. Orúkọ yín ló máa wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn, ẹ̀yin sì ni wọ́n máa mú.