Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Láíbìrì Yunifásítì àti Ìwádìí Sàíkọ́lọ́jì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí bí àìsùntó ṣe ń kan ìrántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo tẹ gbogbo ìbéèrè náà sínú àpótí ìṣàwárí láíbìrì wa báyìí: “what is the effect of lack of sleep on the memory of university students”. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan ló já lù mí. Mo gbé ọ̀rọ̀ kan náà lọ sí PsycInfo, détábéèsì ìwádìí sàíkọ́lọ́jì, ìyẹn ní òun kò rí nǹkan kan. Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì? — *Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin*

ÌDÁHÙN: Kò sí èyí tó purọ́ fún yín. Àpótí ńlá tó wà lójú-ewé àkọ́kọ́ láíbìrì máa ń wá inú gbogbo ohun tí láíbìrì ní: ìwé, ìwé ìròyìn, jọ́nà oríṣiríṣi, títí kan fídíò. Ohunkóhun tó bá fara pẹ́ ọ̀rọ̀ yín ló máa kó wá. Ti PsycInfo yàtọ̀. APA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ni ín. Kì í tú inú odidi àpilẹ̀kọ; àkọlé, orúkọ òǹkọ̀wé, ìsọnísókí àti àwọn ọ̀rọ̀ atọ́ka ló máa ń wò jù, ó sì sábà máa ń fẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ pé síbẹ̀. Òǹkọ̀wé wo ló máa kọ “what is the effect of” sínú ìsọnísókí iṣẹ́ rẹ̀?

Ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ná, kí ẹ mú bébà. Ìbéèrè yín dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta: àìsùntó, ìrántí, akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ pín bébà náà sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹ sì kọ gbogbo orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré kọjá. “Lack of sleep” tí ẹ kọ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. “Sleep deprivation” ni wọ́n ń sọ bí ẹni náà kò bá fojú ba oorun rárá ní odidi òru kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń sùn, àmọ́ tí wákàtí rẹ̀ kò tó, bíi wákàtí mẹ́rin lóru fún ọjọ́ mélòó kan, “sleep restriction” ni wọ́n sábà máa ń kọ, tàbí “partial sleep deprivation”. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ní lọ́kàn bá jẹ́ àwọn tó ń sùn díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ sáà ẹ̀kọ́, tí ẹ sì wá ń ka ìwádìí nípa àwọn tí wọn kò jẹ́ kó sùn rárá mọ́jú, ẹ ti ń fi ọ̀tọ̀ wé ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bákan náà ni “memory”: ṣé ti ìṣẹ́jú péréte ni, àbí ti ohun tí èèyàn kọ́ lánàá?

Nígbà tí bébà bá kún, ẹ ṣí ojú-ewé ìṣàwárí tó ní ìlà mẹ́ta, èyí tí wọ́n kọ Advanced Search sí. Ìlà kìíní: “sleep deprivation” OR “sleep restriction” OR “sleep loss”. Ìlà kejì: memor* OR recall. Ìlà kẹta: student* OR undergraduate*. OR máa ń so àwọn orúkọ ohun kan náà pọ̀ nínú ìlà, AND máa ń so ìlà mọ́ ìlà. Ẹni tó bá fi AND sí ipò OR ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé àpilẹ̀kọ tó bá lo orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ni òun ń fẹ́, òfo ló sì máa bá bọ̀. Àmì àyọlò ló máa ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ kí wọ́n má pínyà. Àmì ìràwọ̀ ní tirẹ̀ máa ń kó gbogbo ìdí ọ̀rọ̀ wá: memor* yóò mú memory, memories àti memorize wá, ṣùgbọ́n yóò fa memorial àti memorandum mọ́ ọn. Ẹ má gé ọ̀rọ̀ kúrú jù. Bí ẹ bá sì gbé e dé PubMed, détábéèsì ìwádìí ìṣègùn, ẹ rántí pé fífi àmì ìràwọ̀ síbẹ̀ kì í jẹ́ kó wá àwọn orúkọ mìíràn tó máa ń bá yín wá fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Thesaurus sí nínú PsycInfo. Àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ atọ́ka ni, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn fi ń sàmì sí àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan, orúkọ yòówù kí òǹkọ̀wé pè é. Ẹ tẹ sleep síbẹ̀, yóò fi Sleep Deprivation hàn yín, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tó gbòòrò jù ú lọ àti èyí tó bá a tan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ atọ́ka wá, kí ẹ tún fi ọ̀rọ̀ tara yín wá, torí àpilẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè má tíì ní àmì lára.

Bó bá ṣì pọ̀ jù, ẹ lo asẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́: ọjọ́ orí, ọdún, irú ìwádìí. Ẹ ṣọ́ra fún NOT. Bí ẹ bá kọ NOT children, gbogbo ìwádìí tó fi ọmọdé wé àgbàlagbà yóò bá a lọ, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni ẹ ń wá. Tó bá ti ku nǹkan bí ọgọ́rùn-ún, ẹ jókòó ka àkọlé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpilẹ̀kọ kan tó dáa láàárín wọn tó: ẹ wo àwọn tó tọ́ka sí lẹ́yìn, ẹ tẹ Cited by láti rí àwọn tó tọ́ka sí i láti ìgbà náà. Ẹ má ṣe ẹ̀dà àdírẹ́ẹ̀sì òkè ojú-ewé pa mọ́ o. Ó sábà máa ń kú bí ẹ bá ti jáde. Permalink, ìyẹn àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í kú, ni kí ẹ mú, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ wá a àti ọ̀rọ̀ tí ẹ fi wá a sílẹ̀. Olùbẹ̀wò iṣẹ́ yín lè bi yín.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí àpilẹ̀kọ tí mo nílò lórí Google Scholar, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí n san owó dọ́là. Ilé ni mo wà. Ṣé kí n san án? — *Òǹkàwé yín*

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ó ṣeé ṣe kí láíbìrì ti san án fún yín. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì ni ilé iṣẹ́ atẹ̀wé fi ń dá yín mọ̀. Bí ẹ bá wà nílé, àlejò lásán ni ẹ jẹ́ lójú wọn. Láti ojú-ewé láíbìrì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ fi orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìwọlé yunifásítì yín wọlé, kí ẹ wá fi àkọlé náà tàbí DOI rẹ̀ wá a. DOI ni nọ́ńbà gígùn tí 10 ṣáájú rẹ̀. Nínú Google Scholar fúnra rẹ̀, ẹ lọ sí Settings, ẹ yan Library links, kí ẹ fi orúkọ yunifásítì yín sí i. Lẹ́yìn náà, ìlà kékeré kan yóò máa yọ lápá ọ̀tún àpilẹ̀kọ tí láíbìrì yín ní.

Nígbà mìíràn láíbìrì ní jọ́nà náà, síbẹ̀ àpilẹ̀kọ ọdún yìí kò ṣí. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wé lè ti ìtẹ̀jáde tuntun pa fún oṣù méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú détábéèsì tí wọ́n tà fún láíbìrì. Ẹ wo PubMed Central àti PsyArXiv, àwọn àkójọ àpilẹ̀kọ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá òǹkọ̀wé ti gbé ẹ̀dà tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀dà PsyArXiv lè jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò, ẹ kíyè sí i. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yá nǹkan láti láíbìrì mìíràn, interlibrary loan. Bí ẹ bá kọ ọdún, fólúùmù àti ojú-ìwé pé, ó máa ń yá. Fọ́ọ̀mù tí kò pé ló ń pẹ́ nílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ wa ní “peer-reviewed”, ìyẹn èyí tí àwọn onímọ̀ mìíràn ti yẹ̀ wò, nìkan ni òun fẹ́. Mo ti fi àmì sí àpótí yẹn. Ṣé ó parí nìyẹn? — *Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì*

ÌDÁHÙN: Kò parí. Jọ́nà ni asẹ́ yẹn ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Inú jọ́nà tí àwọn onímọ̀ ń yẹ̀ wò náà ni ọ̀rọ̀ olóòtú, lẹ́tà àti àtúnyẹ̀wò ìwé ti ń jáde. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Method sí. Bí kò bá sí, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ ìwádìí.

Pé wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò kò ní kó jẹ́ òótọ́. Ní 2015, àwọn onímọ̀ tún ìwádìí sàíkọ́lọ́jì 100 ṣe látòkèdélẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní èsì tó fìdí múlẹ̀ ní ti ìṣirò. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ìdá 36 péré ni. Diederik Stapel, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ilẹ̀ Netherlands, tí àṣírí rẹ̀ tú ní 2011, fọwọ́ ara rẹ̀ dá èsì sílẹ̀, wọ́n sì yọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó lé ní 50 kúrò. Ẹ wo orí àpilẹ̀kọ bóyá wọ́n kọ Retracted sí i, ìyẹn ni pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀dà PDF tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí yín láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní sọ ọ́ fún yín.

Ẹ tún yé gba ohun tí ìwé kejì sọ nípa ìwé àkọ́kọ́. Ẹ wo àwòrán onígun mẹ́ta nípa àwọn ohun tí ènìyàn nílò, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ti onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì Abraham Maslow: kò sí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ tó kọ ní 1943. Láíbìrì yín lè ní jọ́nà náà. Ẹ ṣí i wò.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ wọn bí ọkàn àwọn ènìyàn kò ṣe balẹ̀ tó. Mo rí ìwé ìbéèrè kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé mo lè lò ó? — *Akẹ́kọ̀ọ́ másítàsì*

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ín. GAD-7, ìwé ìbéèrè tó ń wọn àìbalẹ̀ ọkàn, wà lọ́fẹ̀ẹ́, kò gba àṣẹ: ìbéèrè méje, lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, àpapọ̀ máàkì láti 0 dé 21. Beck Depression Inventory, tó ń wọn ìsoríkọ́, tó sì ní ìpín 21, títà ni wọ́n ń tà á. Ẹ̀dà tí ẹnìkan gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Ẹ bi láíbìrì bóyá wọ́n ní PsycTests, níbi tí ẹ ti lè rí ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè fúnra wọn. Mental Measurements Yearbook, tó ti wà láti 1938, kì í fún yín ní ìdánwò. Ohun tí àwọn onímọ̀ rò nípa ìdánwò náà ni ẹ máa kà níbẹ̀.

Ẹ mú ọ̀nà ìṣírò rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú àwọn mìíràn, gbólóhùn kan wà tí wọ́n yí lódìkejì, bíi “ara tù mí”. Ẹni tí kò bá yí máàkì rẹ̀ padà kí ó tó ro ó pọ̀ yóò rí i pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù ló dà bí aláìsàn.

ÌBÉÈRÈ: Sẹ́ẹ̀fù wo ni kí n dúró sí fún ìwé sàíkọ́lọ́jì? — *Ọmọ tuntun*

ÌDÁHÙN: Bí láíbìrì yín bá ń fi nọ́ńbà Dewey to ìwé, 150 sí 159, bí ó bá jẹ́ lẹ́tà ti Library of Congress, BF. Ṣùgbọ́n àìsàn ọpọlọ wà ní 616.89 tàbí RC, sàíkọ́lọ́jì ẹ̀kọ́ wà ní 370.15 tàbí LB, ti àwùjọ sì wà ní 302 tàbí HM. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó dúró sí BF nìkan fi ń sọ pé láíbìrì kò ní ìwé.

ÌBÉÈRÈ: AI fún mi ní ìtọ́kasí márùn-ún, láíbìrì kò rí méjì nínú wọn. — *Òǹkàwé*

ÌDÁHÙN: Ẹ tẹ àkọlé rẹ̀ sáàárín àmì àyọlò. Tí kò bá yọ, ẹ lọ sí jọ́nà náà gan-an, ẹ ṣí fólúùmù àti ojú-ìwé tó kọ fún yín. Bí ẹ bá bá àpilẹ̀kọ mìíràn níbẹ̀, tí orúkọ òǹkọ̀wé kò sì bá a mu, ayédèrú ni, ẹ yọ ọ́. Kí ẹ sì yẹ mẹ́ta tó kù wò lọ́nà kan náà, torí àkọlé lè jẹ́ òótọ́ kí ohun tí AI ní ó sọ má sí nínú rẹ̀.