Owó bébà Amẹ́ríkà ọdún 1776: báwo lèèyàn ṣe ń dá ojúlówó mọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Philadelphia ni mò ń gbé. Mo ra owó bébà kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta ẹrù ilé ẹ̀, dọ́là mẹ́ta, 1776 ló wà lára ẹ̀, ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú ó sì ń dún pàràpàrà. Ṣé ojúlówó ni? Ṣé kí n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kó lè tẹ́jú?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ jọ̀ọ́, áyọ́ọ̀nù kọ́ rárá, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó bá ya, torí bó bá lọ jẹ́ ojúlówó, owó yín lẹ ń fọwọ́ ara yín bà jẹ́ yẹn.

Pàràpàrà tó ń dún yẹn ló ń kọ mí lóminú. Irú bébà yẹn ni wọ́n fi ń ṣe èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn àlejò níbi ìtàn, ìlú yín sì kún fún un. Àkísà aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe bébà ojúlówó, ó máa ń rọ̀ lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú ẹ̀ kọjá, ẹ lè rí òwú búlúù wínníwínní àti nǹkan kéékèèké tó ń dán nínú ẹ̀.

Ẹ wá wo àkọlé ẹ̀. Owó tí Kóńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ṣe ní 1776, "The United Colonies" ló máa ń wà lára ẹ̀, owó May 1777 ni "United States" ti kọ́kọ́ jáde, nítorí náà tó bá jẹ́ "States" lẹ rí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Lára dọ́là mẹ́ta, idì ló ń bá ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn kan jà, tẹ́ ẹ bá yí i padà ẹ ó rí àwòrán ewé, ọgbọ́n tí Benjamin Franklin atẹ̀wé dá sí àwọn ayédèrú nìyẹn, torí iṣan ewé ò ṣeé fọwọ́ yà bẹ́ẹ̀ geerege, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni nọ́ńbà àti sáìn. Gègé àti tàdáwà ni wọ́n fi kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, èèyàn méjì ló sáìn dọ́là mẹ́ta, tàdáwà ẹ̀ á sì ti di bíráùn. Ẹ wá fọ́tò irú ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú sáìn kan náà níbòmíràn, ẹ̀dà ni. Láti 1973 òfin ti ní kí wọ́n kọ "COPY" sára ẹ̀dà, àmọ́ àwọn tó ti wà ṣáájú ò ní in.

Sáìn ọwọ́ nìkan ò tó o, torí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ ayédèrú rẹpẹtẹ nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà, débi pé Kóńgírẹ́ẹ̀sì kó owó May 1777 àti ti April 1778 nílẹ̀ pátá. Àwọn kan ń kó ayédèrú ìgbà yẹn gan-an jọ, ẹ má kàn jù ú nù.

Ẹ fi sínú ike Mylar, ìyẹn ike pọ́líẹ́sítà tó mọ́ gaara, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù PVC, kẹ́ ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí nọ́ńbà ẹ̀ hàn dáadáa.